Iye Àbàrá Tí Apá Kejì Fún Mi

Ìgbà tí àbàrá kẹta bà lé itan mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbá mi. Kì í ṣe pé à ń jà. Ẹ̀rín ló ń rín. Bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe rí láti kékeré nìyẹn, kì í kọ́kọ́ ní ohùn rárá. Á gbé orí sáàárín orúnkún, èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ẹkún ló ń sun. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á ṣàdédé jáde, pàá! lórí itan ẹni tó bá jókòó tì í. Èmi ni mo sì máa ń jókòó tì í.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú yàrá wa ní Ẹgbẹ́dá, ìyá wa ti lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà. Fíìmù òyìnbó la ń wò, àwàdà nípa àwọn gìrìpá ọkùnrin mẹ́ta tó wà ní yunifásítì, tí ọ̀rọ̀ obìnrin ti gba gbogbo ọpọlọ wọn. Ẹ mọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀, èyí tí èèyàn kì í wò níwájú ìyá rẹ̀. Èyí tó ga jù nínú wọn, ṣòkòtò rẹ̀ kì í dúró ní ìdí. Ibi tí ìtìjú bá ti pọ̀ jù gan-an ni ṣòkòtò náà á ti já bọ́: níwájú ọ̀gá yunifásítì, lórí àga oníṣègùn eyín, nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń gbéyàwó.

Nígbà tó parí, mo ní, "Ṣé o mọ iye ìgbà tí o gbá mi?"

"Mélòó?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Irọ́ ńlá!"

"Wo itan mi."

Ó wo itan mi, ó rí bó ṣe pọ́n, ló bá tún gbé orí sáàárín orúnkún, ó tún gbá mi.

"Ìyẹn ò sí nínú ìṣirò o," mo ní. "Fíìmù ti parí."

Ìwé tí mo fi ń kọ́ iṣẹ́ telọ wà lórí tábìlì. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ jù mí lọ. Ìwọ ni mo máa ń pè é, ìyá wa bá mi wí títí, ó sú wọn.

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè wo fíìmù lásán mọ́. Mo fa ìlà sínú ìwé: fíìmù wo ni, ọjọ́ wo ni, ta ló wà nínú yàrá, ṣé iná ọba ni àbí jẹnẹrétọ̀, àbàrá mélòó. Jẹnẹrétọ̀ ṣe pàtàkì, nítorí ariwo rẹ̀ máa ń gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì, ibi ìparí ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rín sì máa ń wà. Fíìmù kan náà tó gba àbàrá méjìlá pẹ̀lú iná ọba, mẹ́jọ péré ló gbà lábẹ́ jẹnẹrétọ̀. Mo ṣe òfin pé àbàrá méjì nínú ẹ̀rín kan, ẹyọ kan ni. Mo sì ṣe òfin mìíràn tó le jù ú lọ: fíìmù fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fa àbàrá náà. Bí ẹnìkan nínú yàrá bá sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, n kò ní kà á.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Àbàrá," ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí. "Ṣé èyí lo máa fi wáṣẹ́?"

Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń nu síìdì fíìmù. Àwọn èèyàn máa ń fi aṣọ yí i ká bí ẹni ń fọ abọ́, ìyẹn gan-an ló ń bà á jẹ́. Láti àárín ni wọ́n ń nù ún jáde sí etí, lọ́nà tó tọ́, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù fídíò mẹ́ta ní Ẹgbẹ́dá àti méjì ní Akọ̀wọ́njọ, mo mọ èyí tí síìdì rẹ̀ máa ń dúró láàárín. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é, mo kọ fíìmù tó lé ní ọgọ́rin sínú ìwé náà. Kò sí èyí tó kọjá mẹ́tàlélógún. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró lókè níbẹ̀ bí ọba.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé fíìmù ti àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà ti ní apá kejì.

Ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù fídíò nítòsí ibùdókọ̀ Pleasure ló sọ fún mi, ṣùgbọ́n ó yọ ètè sí i. "Ẹ má wò ó, àǹtí. Àwọn oníbàárà ti dá a padà fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n ní kò parí ìtàn. Ìgbéyàwó tó wà níparí apá kìíní, ìyàwó yẹn dà? Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀."

Mo rí ibi tí ìṣòro wọn wà. Nínú fíìmù tiwa, apá kejì ni ìyókù apá kìíní. Wọ́n gé ìtàn kan ṣoṣo sí méjì ni, ẹni tí kò bá rí apá kejì kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe já sí. Gbogbo àdúgbò ló fi ojú yẹn wo ti òyìnbó. Mo ṣàlàyé fún un pé ìtàn tuntun ni, àwọn èèyàn àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀.

"Kí ló dé tí wọ́n wá ń pè é ní apá kejì?" ó ní. "Wọn ì bá fún un lórúkọ tirẹ̀, jàre."

Ṣùgbọ́n n kò yá a lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sílé ọkọ ní Ìgàndó, ó sì ti lóyún oṣù méje. Mo ní kí ó bímọ ná, kí a lè wò ó papọ̀ nígbà tó bá wá sinmi lọ́dọ̀ ìyá wa. Mo fẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ péye. N kò fẹ́ kí oyún dí i lọ́wọ́ láti gbé orí sáàárín orúnkún.

Ó bímọ. Ọmọ náà kò ké.

Ó wá sinmi lọ́dọ̀ ìyá wa lóòótọ́, bí mo ṣe rò ó, àmọ́ ọwọ́ òfo ló gbé wá. Wọn kò jẹ́ kó rí ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá kí i. Kálukú á jókòó, á mí kanlẹ̀, á ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ẹ ṣé o, ẹ ò ní fi irú rẹ̀ gbà á." Nítorí pé n kò lè ṣe kí n má kà, mo kà á: èèyàn mọ́kànlá ló sọ ọ̀rọ̀ omi àti agbè yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá lándílọ́ọ̀dù wa nìkan, Alhájà arúgbó tó ń gbé yàrá iwájú, ni kò sọ ọ́. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó tì í, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì dìde lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ń jẹun. Ó ń wẹ̀. Ó tilẹ̀ ń bá mi rán etí aṣọ. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Bí a bá sọ̀rọ̀ àwàdà, á fi ẹnu ṣe bí ẹni rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ kò ní mì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá báyìí. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọkọ rẹ̀ ní òun yóò wá mú un lọ sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá wa bá mi nínú kíṣìnnì. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "N kò fẹ́ kó lọ báyìí," wọ́n ní. "Tó bá lè rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan péré, ọkàn mi á balẹ̀ pé ó ṣì wà nínú ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán ni mo ti ń wá bàtà mi.

Mo lọ sí Pleasure. Ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní òun ti ta fíìmù náà dànù. Mo rìn lọ sí Akọ̀wọ́njọ, ṣọ́ọ̀bù kan ní apá kìíní nìkan, ṣọ́ọ̀bù kejì ti tì. Ní Ẹgbẹ́dá, páálí fíìmù náà wà níbẹ̀, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo wọkọ̀ lọ sí Ìkòtún, mo ń ti ọjà wọ inú ọjà. Ẹsẹ̀ mi kò dúró, ọkàn mi náà kò dúró. Lẹ́yìn ìlà ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, mo rí i lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta síìdì lórí àtẹ, síìdì méjì nínú ọ̀rá kan. Apá kejì náà nìyí. Mo gbé e sókè sí oòrùn, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti ha káàkiri.

N kò gbé e lọ sílé tààrà. Mo bẹ obìnrin náà kí ó jẹ́ kí n dán an wò lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, mo sì wò ó lórí ìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rò pé orí mi ò pé. Òótọ́ ni pé fíìmù náà kò tó ti àkọ́kọ́. Wọ́n ti sọ èyí tó sanra nínú wọn di ọlọgbọ́n, bẹ́ẹ̀ rèé, ìwà agọ̀ rẹ̀ ló ń pa wá lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń pariwo jù. Àmọ́ ṣòkòtò ọkùnrin gíga yẹn ṣì ń bọ́, ó bọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, lójú ìwọ̀n mi ìyẹn tó.

Àmọ́ ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógójì síìdì àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan gbé ìrọ̀rí sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó ń ṣe bí aboyún kí olùtọ́jú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè jẹ́ kó wọlé. Ó ń sáré lọ lórí àtẹ̀gùn, ìrọ̀rí náà já bọ́. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pariwo, "Ọmọ ti bọ́!" Ìṣẹ́jú méjì dín díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Mo wo aago orí ẹ̀rọ, mo há ìṣẹ́jú náà sórí.

Mo ronú títí mo fi dé ilé. Kò sí fíìmù mìíràn tó lè pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rìn-ín, ìyẹn dá mi lójú. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì ìsáré lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógójì, fíìmù á kọjá ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá. Mo ṣe é wò lẹ́ẹ̀márùn-ún nígbà tí kò sí ẹnì kankan nílé. Mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá.

Lọ́jọ́ Fráìdeè, iná ọba dé ní agogo méjì ọ̀sán. Ìyá wa ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Mo fi rìmóòtù sọ́wọ́ òsì, mo jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí itan mi máa ń wà.

"Kí lèyí?" ó ní.

"Àwọn oníṣòkòtò yẹn ni. Apá kejì."

"Wọ́n ṣì wà láyé?"

Mo wá ṣe àṣìṣe kan. Mo ti ilẹ̀kùn. Fíìmù tí ìdí wà níta nínú rẹ̀ ni, mo sì rò pé ó yẹ kí a bò ó. Nínú ilé elérò púpọ̀, ilẹ̀kùn kì í tì lọ́sàn-án. Kọ́tìnnì nìkan ló ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn nínú ooru, tí iná sì wà, ó ti ránṣẹ́ pe gbogbo ilé nìyẹn.

A wo ogún ìṣẹ́jú. Ṣòkòtò bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo èjìká ẹ̀gbọ́n mi. Kò mì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìròyìn. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Mo ń wo aago orí ẹ̀rọ, ìka mi wà lórí bọ́tìnnì. Márùndínlógójì. Mẹ́rìndínlógójì.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Kò dúró gba èsì, ó ṣí i. Alhájà ni.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí lẹ ń ṣe tí ẹ ti ilẹ̀kùn nínú ooru yìí?"

Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, ara mi kò bi mí kó tó ṣe é. Mo dìde, mo kúnlẹ̀, "Ẹ káàsán, mà." Alhájà sì jẹ́ ẹni tí ìkíni wọn gùn. Wọ́n béèrè ìyá mi, wọ́n béèrè iṣẹ́ mi, wọ́n béèrè aṣọ tí mo ń rán fún ọmọ wọn, mo ń dá wọn lóhùn lórí ìkúnlẹ̀, rìmóòtù ti bọ́ sórí ẹní. Lẹ́yìn mi ni mo ti gbọ́ ariwo: "Ọmọ ti bọ́!"

Mo yíjú. Ìrọ̀rí náà wà nílẹ̀, lójú tẹlifíṣọ̀n, ní gbangba. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò yí.

Alhájà kò gbọ́ òyìnbó. Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì rọra jókòó tì í lápá kejì. Mo padà sí ààyè mi, n kò mọ̀ bóyá kí n pa á. Nínú fíìmù, ọkùnrin gíga yẹn sáré wá láti mú ìrọ̀rí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ sì bọ́. Ó tún sáré lọ, ó ṣubú, ó dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan là ń rí.

Alhájà na ìka sí i. "Ọmọkùnrin yìí," wọ́n ní, ohùn wọn balẹ̀ bí ẹni ń béèrè ọ̀nà. "Látìgbà tí mo ti wọlé, ìdí rẹ̀ nìkan ni mo rí. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lójú títì, mi ò ní dá a mọ̀, àfi tó bá kọ ẹ̀yìn sí mi."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sáàárín orúnkún.

Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ẹkún ni. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, n kò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo jókòó, mo ń retí.

Pàá! lórí itan mi.

Ohùn ẹ̀rín náà ló tẹ̀lé e, ó ga, ó já, ó tún bẹ̀rẹ̀. Alhájà ní, "Kí ni mo sọ tó ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ṣé kì í ṣe òótọ́ ni?" Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹkún dé lóòótọ́, ẹkún tí kò tíì sun láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó sun ún sí èjìká Alhájà, wọ́n sì ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, ojú wọn kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n ní, "Ṣé ó ti parí ni? Wọn ò tíì wá telọ fún un."

Mo fi síìdì kejì sí i. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la wò ó tán, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Kò sí àbàrá mìíràn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ìyá wa dé, wọ́n wo ojú ẹ̀gbọ́n mi tó ti wú, wọ́n wo èmi. Mo gbé ìka kan sókè. Wọ́n lọ bọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn, mo gbọ́ tí wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́ nínú yàrá.

Ìwé mi ló wá dá mi láàmú. Òfin mi ni pé fíìmù ló gbọ́dọ̀ fa àbàrá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ Alhájà ló fa èyí. Bí òfin ṣe wà, òdo ni apá kejì gbà. Ṣùgbọ́n ta ló bọ́ ṣòkòtò náà, ṣé kì í ṣe fíìmù ni? Mo fi pẹ́ńsùlù kọ ẹyọ kan, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi níbẹ̀. Ó gba bírò, ó kọ ẹyọ kan náà lórí ti pẹ́ńsùlù, ó tẹ̀ ẹ́ títí ìwé fi fẹ́ẹ̀ lu.

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí o fẹ́ fò," ó ní. "Ìka rẹ ń gbọ̀n lórí rìmóòtù látìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni mi ò ṣe lè rẹ́rìn-ín. Mo ń dúró dè é."

Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ Àìkú, síìdì méjèèjì wà nínú báàgì rẹ̀.

Ó ti pẹ́. Síìdì kò sí mọ́, inú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni fíìmù wà báyìí, Alhájà náà ti lọ sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi ti kó lọ sí Ìkòtún, ó ti bí ọmọ méjì tí ariwo wọn ń gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Apá kejì gba àbàrá mẹ́sàn-án nígbà tí a tún wò ó, ó gba mọ́kàndínlógún nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bí èkíní nínú àwọn méjì yìí. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń bá wa jiyàn pé apá kìíní dára jù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé mi náà gbà bẹ́ẹ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n rẹ̀ ló ṣì wà lókè níbẹ̀. Apá kìíní ni ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè á yàn.

Apá kejì là ń wò.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, a rán àwọn ọmọ lọ sí lẹ́sìnnì, a jókòó. Ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógójì, kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin gíga bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ìrọ̀rí, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ohùn Alhájà ní, "Àfi tó bá kọ ẹ̀yìn sí mi," ó gbá mi, èyí tí òfin kò gbà, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń ka àbàrá itan mi títí fíìmù fi parí, mo ṣí ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àwọn yòókù.

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ku mẹ́rin.